Pákó Tó Gùn Jù Ni Bàbá Mojọlá Ń Rà

Òjò ti dé, ilé-ìwé ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo ọmọ tó wà ní Bẹẹrẹ sì ń jẹ àgbàdo sísun kiri, àfi Mojọlá, ọmọ Japheth káfíńtà, tó ń lọ kọ́ jọ́mẹ́tírì, ìṣirò ìlà àti igun, ní kíláàsì họ́lídè ìjọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ìwé mẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì họ́lídè náà ti ka ìwé mẹ́fà, tíṣà ni wọ́n fẹ́ dà, méjì nínú wọn tiẹ̀ ti ní irùngbọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, ó wọ abẹ́ àtíbàbà tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé síléètì rẹ̀ lé orí pákó, ó sì kúnlẹ̀ kí i.

"Bertha mi," ni Japheth wí. Orúkọ ìsàmì yìí ló máa ń pè é nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, kò sì tíì pe Mojọlá láti ìgbà tí họ́lídè ti bẹ̀rẹ̀. "Ibo lẹ bá a dé lónìí?"

"Àwọn tó kù ti ń dé ibi tí wọ́n ń lọ, Bàbá. Èmi ṣì wà níbi tí wọ́n ti gbéra."

"Wàá lé wọn bá."

"Wọn ò dúró dè mí."

"Kí ló dé tí wọ́n á fi dúró? Ọmọ akọ̀wé ìjọ náà wà níbẹ̀, àbí kò sí níbẹ̀? Ṣé orí méjì lòun ní ni?"

"Orí kan ṣoṣo ni. Ó kàn jẹ́ pé ó ti fi ọdún mẹ́fà lò ó kó tó débẹ̀."

Japheth mi orí, ó ń fá pákó rẹ̀ lọ. Ẹni rere ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá fi ẹ̀gún sínú ọ̀rọ̀ fún un, á gbé e mì láìmọ̀ pé nǹkan kan gún òun lọ́fun. Mojọlá ti mọ èyí láti kékeré, ohun tó sì jẹ́ kó lè máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láìjẹ ìgbátí.

"Kíláàsì mẹ́ta ló wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú mi lọ, Bàbá. Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí lẹ mú?"

"Òun ló ga jù."

"Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ ohùn wọn lókè lọ́hùn-ún."

"Gbọ́," Japheth fi ìfági rẹ̀ sílẹ̀. "Tí mo bá lọ ra pákó ní Gbági, èyí tó gùn jù ni mo máa ń mú. Pákó tó bá gùn ju ilé lọ, ayùn á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kúrú, bó o gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ fún un, kò ní fi ìka kan gùn sí i."

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ta wá ni ayùn ń gé báyìí?"

Japheth tún gbé ìfági rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń sọ lójoojúmọ́: pé wọ́n á ṣe ìdánwò ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n á sì ka èsì rẹ̀ sétí gbogbo ìjọ, pé òun ti sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé ọmọ òun ni yóò ṣe ipò kìíní, àti pé bí kò bá ṣe é, ilé-ìwé tán nìyẹn, kó lọ bá ìyá-ìyá rẹ̀ lóko kó máa bó ẹ̀gẹ́. Mojọlá mọ̀ pé kò ṣe àwàdà. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí ó fẹ́ràn ilé-ìwé. Ààyè rẹ̀ wà níwájú fèrèsé nínú ìwé mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hilda ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìṣirò tó mọ níwọ̀n rẹ̀ sì ń dúró dè é níbẹ̀. Ohun tó ń wá ni pé kí bàbá rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn onírùngbọ̀n yìí kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Tó bá sọ pé ó le, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Ó ti ro ọgbọ́n kan láti orí òkè Màpó bó ṣe ń ti kíláàsì bọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Ẹ̀yin ẹ bá mi wo díẹ̀ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i ṣe, mi ò ní sọ pé ó le mọ́. Tẹ́ ẹ ò bá rí i ṣe, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi."

"Èmi tí mi ò mọ̀wé?"

"Ìwé ò pọ̀ nínú ẹ̀. Ìlà ló pọ̀."

"Kà á nígbà náà."

Mojọlá kọ́kọ́ kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ohùn ilé-ìwé kà á kí ó lè dẹ́rù ba bàbá rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní, tí ìlà mẹ́ta bá so kọ́ra tí wọ́n di igun mẹ́ta, ká fi hàn pé méjì nínú ìlà náà tá a bá pa pọ̀, yóò gùn ju ẹ̀kẹta lọ." Ó fi igi yà á sórí yanrìn, ó wá fà sẹ́yìn kí ìṣòro náà lè ráyè ṣiṣẹ́.

Japheth wo yanrìn, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó fi èékánná ẹsẹ̀ kan igun kìíní. "Ibí ni Bẹẹrẹ. Ibí ni Ọjà'ba. Ọ̀hún yẹn ni Oríta-mẹ́rin. Tí mo bá rán ẹ láti Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba, tó o wá lọ gba Oríta-mẹ́rin, kí ni mo máa ṣe fún ẹ?"

"Ẹ máa nà mí."

"Kí nìdí?"

"Torí pé mo ti rìn jù."

"Ó tán. Ṣé ohun tí òyìnbó ń gun ọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá sọ fún wa nìyẹn? Ẹni tó ń sá fún àna rẹ̀ nìkan ló ń gba ọ̀nà tó jìn."

Mojọlá mú èkejì jáde: kí wọ́n pín ìlà kan sí méjì ọgbọọgba láìlo ọ̀pá ìwọ̀n. Japheth na okùn sórí ìlà náà, ó ká okùn náà po, ó sì fi pẹ́ńsùlù tó há sétí rẹ̀ kan àárín. Ó tún na ọwọ́ pé kó mú òmíràn wá, bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Èyí tó kù yìí, Bàbá, odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wò ó. Ó ní ká ṣe igun tó dúró ṣánṣán, irú ti síléètì yìí, láìní síléètì lọ́wọ́."

Japheth bọ́ sídìí ògiri, ó mú okùn kan tí wọ́n so orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀, tó ní kókó ní ibi méjìlá, tí àlàfo ààrin kókó kan sí èkejì jẹ́ ọgba. Ó kan èèkàn mẹ́ta mọ́lẹ̀. Àlàfo mẹ́ta lọ sápá kan, mẹ́rin lọ sápá kejì, márùn-ún sì dí ẹnu wọn. "Gbé síléètì ẹ wá."

Mojọlá gbé síléètì sínú igun náà. Ó bá a mu débi pé èèrà ò lè ráyè gbà láàárín wọn.

"Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ilé nìyẹn," ni Japheth wí. "Ọ̀gá mi ti fi kọ́ mi kí n tó mọ ìyá ẹ. Èyí ló ń le fún ẹ?"

Ọgbọ́n tí ọmọ gbé ti orí òkè Màpó wá ti wó mọ́ ọn lórí. Ó di pé kò lè sọ pé ó le mọ́ láéláé. Ó jókòó sórí àgékù pákó, omijé sì ń gbọ̀n lójú rẹ̀.

"Àwọn onírùngbọ̀n yẹn," bàbá rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "kí ni wọ́n fi odindi ọjọ́ méjì wá níbẹ̀?"

"Ẹ̀rí ni wọ́n ń wá."

"Ẹ̀rí kí ni?"

"Pé bó ṣe rí nìyẹn."

"Ta ló ní kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Gbogbo wa la mọ̀. Wọ́n ṣáà ní ká kọ ìdí ẹ̀ ni."

"Kọ ọ́ pé ilé ò wó."

Mojọlá gbójú sókè.

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ. Ilé mẹ́rìndínlógún ni mo fi okùn yìí bẹ̀rẹ̀, láti ibí títí dé Beyerúnkà. Ilé ẹṣin òyìnbó Ajẹ́lẹ̀ gan-an, èmi ni. Kò sí ọ̀kan tó wó nínú wọn. Tí wọ́n bá ń wá ẹ̀rí, kí wọ́n lọ wò ó."

Omijé gbẹ lójú ọmọ náà. Ó rọra ṣí ìwé rẹ̀, ó yan ojú ewé tó mọ́ jù, ó sì kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dára jù tó ní, ilé mẹ́rìndínlógún, ilé ẹṣin, gbogbo ẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó wá béèrè pẹ̀lú ìtẹríba bóyá kí òun kọ orúkọ Bàbá sí i.

"Kọ ọ́ sí i gàdàgbà. Kí wọ́n lè mọ ẹni tó sọ ọ́."

Ní Ọjọ́rú, Mojọlá dé pẹ̀lú ìwé náà láyà. Ó ṣe ojú bí ojú ẹni tó ń ti ibi òkú bọ̀. Japheth ti kó irinṣẹ́ tì, ó ti dé fìlà, ó sì ti ń retí ìyìn láti ìdájí.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Tíṣà kà á sétí gbogbo kíláàsì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Inú wọn dùn ni."

"Ó ní láti jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Àwọn onírùngbọ̀n méjèèjì tiẹ̀ ń nu omi ojú."

Japheth gba ìwé, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún un dorí sókè. "Kí ni pupa tó wà níbí yìí?"

"Ìlà méjì ni, ọ̀kan gba orí èkejì kọjá."

"Irú ẹ̀ la máa ń fi sára pákó tá a bá fẹ́ kí wọ́n gbé sọnù."

"Bí wọ́n ṣe ń lò ó níbẹ̀ náà nìyẹn."

Japheth fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. "Ó tún kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀. Kí ló sọ?"

"Ó ní, pé ilé ò wó kì í ṣe ẹ̀rí. Ó wá béèrè pé, ta ni Japheth?"

"Ó béèrè kí ni?"

"Ẹ má bínú sí i, Bàbá. Èkó ló ti wá, kò tíì mọ èèyàn níbí."

"Òrùlé ta ló jókòó sábẹ́ ẹ̀ tó fi kọ ọ́?"

"Tiyín, ẹ̀yin lẹ kàn án."

"Òjò rọ̀ lánàá?"

"Ó rọ̀ gan-an."

"Ó jò sí i lórí?"

"Kò jò sí i."

"Ó wá jókòó síbẹ̀, ara ẹ̀ gbẹ, ó ń béèrè ta ni Japheth."

Mojọlá mọ̀ pé ìgbà tó. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun ò mọ ohun tí àgbà máa ń ṣe sí irú ọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ ó dà bíi pé ibẹ̀ ò yẹ ọmọ ẹni iyì.

"Kò yẹ ọmọ mi," ni Japheth wí. "O ò lọ síbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé, kó o lọ jókòó nínú ìwé mẹ́rin ẹ. Tí ìjọ bá béèrè, màá ní èmi ni mo yọ ọ́."

Inú ọmọ náà dùn débi pé ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó ti ń ronú ibi tí òun ti máa rí àgbàdo sísun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé bàbá rẹ̀ ń ká okùn oníkókó náà, ó ń kó o pẹ̀lú èèkàn sínú àpò.

"Agogo mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀?"

"Mẹ́jọ, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Èmi ni mò ń lọ lọ́la. Iwájú pátápátá ni màá jókòó sí. Yóò sọ ìdí tirẹ̀, èmi náà á sọ tèmi, a ó sì wo èyí tí ilé máa dúró lé lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì kù, mo sì ráyè."

Mojọlá fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde. "Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ fi máa jókòó tì mí. Ohun tó bá sọ, túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ohun tí mo bá sọ, kó o sọ ọ́ fún un bó ṣe ti ẹnu mi jáde gẹ́lẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ èébú."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọ. Ó ro ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì iwájú, Bàbá lápá ọ̀tún pẹ̀lú okùn àti èèkàn, ọmọ akọ̀wé ìjọ lẹ́yìn, kí òun sì máa fi ẹnu ara òun gbé èébú fún Tíṣà láàárọ̀, lọ́sàn-án. Ó dìde, ó rọra gba àpò náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó yọ okùn, ó sì dá a padà sórí ìṣó tó wà lára ògiri.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí èmi nìkan máa lọ. Ẹ̀kọ́ náà ò tiẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀."