Ọ̀gá Fágbohùn àti Góòlù Mẹ́ta Mùdá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta nínú yín ló mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí i tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí mímọ̀. Orí pápá bọ́ọ̀lù ni òwe yẹn ti wá, ní ìlú Ayégbàmí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí bọ́ọ̀lù tó dé ilẹ̀ wa, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀.

Ọ̀gá Fágbohùn lọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀gá àgbà iléèwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin gbọọrọ kan tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n lọ̀ débi pé ìlà rẹ̀ lè gé iṣu. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyà kan ṣoṣo ló mọ̀, ìkúnlẹ̀ ni. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ á kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ iwájú ọ́fíìsì títí yóò fi jẹ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ kíá, á dìde kíá. Ẹni tó bá ń ṣe agídí, oòrùn á bá a níbẹ̀, á sì wọ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà yìí wu Baálẹ̀ Ayégbàmí débi pé ó mú un wọ àgbàlá tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni yòówù tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn níwájú Baálẹ̀, orí orúnkún ló ti ń rojọ́.

Nínú gbogbo ọmọ tó kọjá lọ́wọ́ Ọ̀gá, Mùdáṣírù nìkan ni orúnkún rẹ̀ kò lápàá. Kì í ṣe pé kì í ṣẹ̀ o. Ó fọ́ fèrèsé iléèwé mẹ́fà láàárín ọdún kan, bọ́ọ̀lù ló sì fi fọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gá bá ti yọjú, kó tó béèrè, Mùdá á ti kúnlẹ̀, á ní, "Èmi ni, Ọ̀gá. Ẹ má bínú." Kí ni èèyàn tún fẹ́ fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọ̀gá á ní kó dìde, kó lọ gbálẹ̀. Ọmọ tó tọ́jú orúnkún rẹ̀ yẹn ló dàgbà tó di agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo agbègbè ń pè ní Ẹ̀fúùfù, nítorí bó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá, fìlà rẹ ló kù kí o máa wá.

Lọ́dọọdún, àdúgbò Òkè àti àdúgbò Ìsàlẹ̀ máa ń gbá bọ́ọ̀lù du àgbò Baálẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni Mùdá ń gbá fún. Òkè ni Ọ̀gá Fágbohùn kọ́lé sí, òun náà ló sì ń ṣe rẹfirí. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kì í ṣègbè. Bí ìyá rẹ̀ bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, á fọn fèrè fún un. Orúkọ rere yẹn ló fi ń sùn, òun ló fi ń jí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí kóòṣì kan wá láti Ìbàdàn, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Oyètádé. Ó ti gbọ́ òkìkí Mùdá. Ó ní òun á wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bó bá wu òun, àwọn jọ ń lọ nìyẹn. Bí kò bá wu òun, òun kì í padà wá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kejì. Aago mẹ́fà ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn á gbéra. Mùdá ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì láti ọjọ́ Ajé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni fèrè irin Ọ̀gá sọnù. Ìyàwó rẹ̀ sáré lọ ra òmíràn, ṣùgbọ́n ti ọmọdé ló rí, fèrè rọ́bà kékeré kan tí kò ju ẹ̀pà tí wọn ò tíì pa lọ. Kò tiẹ̀ ní okùn. Ọ̀gá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ohun tó bá ti ń dún, fèrè ni." Bẹ́ẹ̀ ló gbé e lọ.

Wọn ò tíì gbá a tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Mùdá fi jan bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù náà lu òpó, ó ta padà, ó sì bá Ọ̀gá lẹ́nu, níbi tó ti fi ètè há fèrè. Nígbà tí ojú Ọ̀gá wálẹ̀, ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀, kò bá fèrè. Ó wo ilẹ̀, kò rí i. Ó wá mí.

Fíìn.

Mùdá ti sáré bá bọ́ọ̀lù tó ta padà náà, ó sì ń gbá a lọ sínú àwọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí fèrè dún. Gbogbo wọn dúró.

"Ọ̀gá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mùdá bi í.

Ẹ gbọ́, ibí yìí ló yẹ kí ìtàn yìí ti parí. Ká ní Ọ̀gá sọ pé, "Ẹ gbà mí, mo gbé fèrè mì," gbogbo wa ì bá ti lọ jẹun. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ń wò ó, àìmọye ọmọ tó ti mú kúnlẹ̀ rí náà ń wò ó. Kí odidi ọ̀gá iléèwé gbé fèrè mì bí ọmọ ọlọ́dún méjì? Ó ṣáà gbọ́ tí ẹnu òun sọ pé, "Fáwùlù ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Ìwọ ni. O gbá bọ́ọ̀lù lu rẹfirí."

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá," ni Mùdá wí, ó sì padà sẹ́yìn. Ó ṣáà mọ̀ pé òun gbá a lù ú.

Ọ̀gá rò pé ó ti parí. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ tẹ̀lé eré náà, ó ń fi imú mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ aládùúgbò. Bó bá mí bẹ́ẹ̀, kì í dún. Àmọ́ ta ni yóò máa rìn jẹ́jẹ́ tẹ̀lé Ẹ̀fúùfù? Mùdá gba bọ́ọ̀lù lẹ́nu ilé tiwọn, ó gé ẹni kan, ó gé ẹnìkejì, ó gba àárín ẹsẹ̀ ẹnìkẹta kọjá. Dandan ni kí Ọ̀gá sáré. Ó sáré títí àyà rẹ̀ fi ń lù kìkì. Bí Mùdá ṣe yí aṣọ́lé Òkè po, tó ku òun àti àwọ̀n, ni Ọ̀gá mí.

Fíìn.

"Ọ́fúsáìdì," ni Ọ̀gá wí kí wọ́n tó bi í.

"Ọ̀gá, ẹnu ilé tiwa ni mo ti gbé bọ́ọ̀lù yìí wá o."

"Ọ́fúsáìdì ọlọ́nà jíjìn ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò kàwé."

Àwọn ará Òkè tó yẹ kí inú wọn dùn pàápàá ń wo ara wọn lójú. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ta ni kò kúkú mọ àdúgbò tí Ọ̀gá kọ́lé sí. Kóòṣì Oyètádé kọ nǹkan kan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó tún fà á rẹ́.

Nígbà ìsinmi, Ọ̀gá mu omi ife mẹ́ta, ó tún ki òkèlè ẹ̀bà ńlá kan bọ ọ̀fun bí ẹni tí eegun ẹja há. Fèrè kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Ohun tó sì ń dùn ún ju fèrè lọ ni ojú Mùdá. Ọmọ náà kò bú u. Ó kàn jókòó sí ìdí òpó, ó ń wo báàgì rẹ̀. Ọ̀gá mọ̀ pé òun ló ń tú ẹrù inú báàgì yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlàjì kejì ti lọ jìnnà kí ọmọ Òkè kan tó fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù níwájú ilé wọn. Inú Ọ̀gá dùn. Ó ní Ọlọ́run ti fẹ́ yọ òun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó dìídì mí. Fíìn. "Pẹnáritì!"

Mùdá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ọ̀gá sé èémí mọ́nú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n. Mùdá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù kọrí sí igun kan, aṣọ́lé fò sí ìkejì. Ara tu Ọ̀gá débi pé kò lè dúró kí bọ́ọ̀lù wọlé kó tó mí kanlẹ̀.

Fíìn.

Ọ̀gá ní, "O rẹ́rìn-ín kó o tó gbá a. Ìwọ̀sí ni sí aṣọ́lé."

Mùdá rìn lọ bá a. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wo ọwọ́ òsì, ó wo ẹnu rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Fèrè dà?"

Káàdì pupa ni Ọ̀gá fà yọ.

Ìsàlẹ̀ ya wọ pápá. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n gbé àga òun wá sí àárín pápá, ibẹ̀ ni òun á ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọ̀gá lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, bí àyà rẹ̀ sì ṣe kan ilẹ̀, fíìn. Ó yára gbéra sórí orúnkún. Ẹ wo bí ayé ṣe rí, òfin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló wá kúnlẹ̀ sí yẹn, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ ní àárín pápá náà.

"Wọ́n ní o ń ṣègbè," Baálẹ̀ wí.

"Rárá o, Baálẹ̀." Fíìn.

"Ta ló ń fọn fèrè níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹyẹ ni, Baálẹ̀." Fíìn.

Gbogbo ìlú gbójú sókè. Kò sí igi kan lórí pápá náà, ká má tíì sọ ẹyẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Baálẹ̀ tú àpò àwọn ọmọdé, wọ́n gba fèrè mọ́kànlá, wọ́n tiẹ̀ gba agogo ọwọ́ ẹni tó ń ta áìsìkirímù. Fíìn náà kò dáwọ́ dúró. Irọ́ kan, fíìn kan. Orúnkún Ọ̀gá ti ń ta á, orúnkún tí kò kúnlẹ̀ fún ẹ̀dá kankan láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Aago márùn-ún ààbọ̀ kọjá. Kóòṣì Oyètádé wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó kọrí sí ibùdókọ̀.

Ọ̀gá rí i. Mùdá náà rí i. Kàkà kí ọmọ náà máa bú u, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Ọ̀gá, mo mọ ìkúnlẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ ṣáà sọ pé ẹ ṣe é. Kì í dunni pẹ́."

Omi bọ́ lójú Ọ̀gá. Ojú tì í gidigidi. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Mo jẹ̀bi. Mo gbé fèrè mì. Ọmọ yìí kò ṣe nǹkan kan, irọ́ ni mò ń pa mọ́ ọn láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti bá mi lẹ́nu." Fíìn, fíìn, fíìn.

Ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Ẹ̀rín náà dé ibùdókọ̀, ni Kóòṣì Oyètádé bá padà wá wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, òun tó ní òun kì í padà wá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kejì. Awakọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ ló ṣáájú rẹ̀ dé pápá.

Fèrè ló kù tí wọn ò tíì yọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbá Ọ̀gá lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wá di ta ni yóò gbá a. Ṣé ọmọdé á wá máa lu àgbà lẹ́yìn ni? Gbogbo ọkùnrin tó lágbára níbẹ̀, Ọ̀gá ló kọ́ wọn ní a, b, d. Olórí ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́, ó rántí pé Ọ̀gá ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun, ó ká ọwọ́ náà kò. Baálẹ̀ ní kí ẹni tó bá ju Ọ̀gá lọ jáde síta. Ìyá àgbà Mùdá ló jáde, Màmá Àwẹ̀ró, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ṣì ń gún iyán ara rẹ̀.

"Fágbohùn," ó ní, "ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, èmi ni mo gbé ọ dání. Tẹ orí ba."

Ọ̀gá tẹ orí ba.

"Èyí fún góòlù àkọ́kọ́." Gbàù.

"Èyí fún ọ́fúsáìdì ọlọ́nà jíjìn." Gbàù. Ọ̀gá wúkọ́.

"Èyí fún ẹ̀rín ọmọ mi."

Fèrè fò jáde, ó dún lójú afẹ́fẹ́ fún ìgbà ìkẹyìn, ó sì balẹ̀ síwájú bàtà Baálẹ̀.

Ọ̀gá mí. Kò dún. Ó tún mí, ó fà á gùn. Kò dún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fojú di èémí tí kò lóhùn, ọrọ̀ ńlá ni. Ara tu ọkùnrin náà débi pé ó gbàgbé pé òun ṣì wà lórí orúnkún, àfìgbà tí Baálẹ̀ ní, "Dìde, ó tó." Láti ìgbà tó jẹ́wọ́ sí ìgbà tó dìde, kò ju ìgbà tí èèyàn fi máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta lọ. Ìgbà tó fi purọ́ níbẹ̀ ńkọ́? Ìkòkò ẹ̀wà kan ì bá ti jinná.

Wọ́n fa káàdì pupa ya. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu kan fèrè yẹn mọ́, torí náà agogo áìsìkirímù ni Ọ̀gá fi ṣe rẹfirí. Mùdá gba bọ́ọ̀lù, ó gé, ó tún gé. Ọ̀gá ń sá tẹ̀lé e, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, ó ń mí bó ṣe wù ú. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, nǹkan kan kò sì dún àfi ariwo Ìsàlẹ̀. Ọ̀gá lu agogo fún góòlù náà títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Kóòṣì Oyètádé fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì Mùdá lọ sínú ọkọ̀. Mùdá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá kó tó wọ ọkọ̀. Ọ̀gá gbé e dìde kí orúnkún ọmọ náà tó kan ilẹ̀ rárá.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹlẹ́jọ́ bá ń ṣe agídí níwájú Baálẹ̀ Ayégbàmí, Baálẹ̀ kì í bínú mọ́. Á kàn ní kí wọ́n lọ pe Màmá Àwẹ̀ró wá. Ẹni tí wọ́n rán kì í tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ẹlẹ́jọ́ á fi ti jẹ́wọ́. Ọ̀gá Fágbohùn tó bá sì jókòó nítòsí á fọwọ́ pa ẹ̀yìn ara rẹ̀, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."