Kóòṣì Tí Wọn Ò Bi Léèrè Ibi Tó Ti Wá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ju òwe yìí síra yín láìwádìí ẹ̀, ẹ sún mọ́bí kí n bi yín. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ká tó lé ẹni tí a mọ̀, ká bi ẹni tó ń bọ̀ léèrè ibi tó ti wá? Ẹ ò mọ̀. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ìyàwó ni, àbí ọ̀rọ̀ ayálégbé. Rárá o, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Kí ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà fara ti ẹnìkejì ẹ̀, nítorí òtútù wà nínú ìtàn yìí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní ìlú Òkè-Àparò tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù, gbogbo ìlú ló sì gbé ọ̀rọ̀ ikọ̀ náà sórí. Òjélabí ni kóòṣì wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n àtiborí ni kò mọ̀. Ó gbà pé ebi ló ń ba eré jẹ́. Nítorí náà, tí eré bá dé ìdajì, tí àwọn kóòṣì yòókù ń fún ọmọ tiwọn ní ọsàn mu, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni Òjélabí ń gbé kalẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ọmọ tó jẹ iyán yó, ṣé ó tún lè sáré? Wọ́n á kàn máa rìn kiri orí pápá bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù, àwọn alátakò wọn á sì máa gbá góòlù wọlé.

Ṣọ́ọ̀bù Láṣebíkan onígbàjámọ̀ ni àwọn alátìlẹ́yìn ikọ̀ náà ti máa ń jiyàn. Láṣebíkan ni olórí wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, Rẹ̀mílẹ́kún, ni aṣọ́lé ikọ̀ náà. Gbogbo góòlù tó bá ti wọlé, bí ẹni gbá Láṣebíkan létí ni.

"Òjélabí gbọ́dọ̀ lọ!" ó pariwo lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na abẹ sókè. Ẹni tó ń fárí lọ́wọ́ rọra sún orí sẹ́yìn. "Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì! Àwọn nọ́ọ̀sì ló nà wá!"

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Tíṣà Fadérera wí. Obìnrin àgbà yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kì í sì í pa eré kankan jẹ. "Ọkùnrin yẹn ń tọ́ àwọn ọmọ dáadáa. Ta lẹ fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni, Mà! Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè borí!"

Ọ̀rọ̀ tó tẹnu Láṣebíkan jáde nìyẹn, ọ̀sán gangan sì ni, àkókò tí àwọn àgbà ní ká má máa pariwo ohun tí a ń wá. Pìrìnsípà ní ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn bá fẹ́ ni òun fẹ́. Wọ́n nawọ́ sókè, àwọn tó ní kí Òjélabí lọ ló pọ̀ jù. Bàbá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó so odó àti ọmọ odó ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gba oko ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì ni igbó igi tíìkì kan wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òkú ìlú láti ayé àwọn baba wọn. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ọkùnrin kan gbà jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó wọ ṣòkòtò kaki péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún, ó sì fi fèrè kọ́rùn. Atẹ́gùn ń fẹ́, aṣọ gbogbo èèyàn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tiẹ̀ ò mira.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ẹnikẹ́ni," ó wí.

Tíṣà Fadérera kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàbọ̀, sà. Níbo lẹ ti..."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà!" Láṣebíkan já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. "Ṣé ibi tí wọ́n ti wá ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ìbéèrè náà sì kú síbẹ̀.

Àṣà wọn ni pé tí kóòṣì tuntun bá dé, àwọn alátìlẹ́yìn á fún un lóbì, wọ́n á sì búra pé: "Ibi tí ẹ bá kó ikọ̀ wa lọ la ó bá yín lọ." Ìlú kejì ni ibi tó jìnnà jù tí ìbúra yẹn gbé wọn dé rí. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì gba obì. Kò jẹ ẹ́, ó tì í bàpò. Tíṣà Fadérera wo ojú Láṣebíkan.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n," Láṣebíkan wí. "Kò síbi tí wọn ò sí."

Kò dárúkọ ara ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Ọ̀gá. Ọ̀sán gangan ló ń kó àwọn ọmọ lọ sí pápá, nígbà tí ewúrẹ́ pàápàá ti sá sábẹ́ igi. Tó bá fẹnu sí fèrè, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ajá ìlú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Wọ́n borí nínú eré àkọ́kọ́. Wọ́n borí nínú èkejì. Àwọn tí wọ́n nà ń ráhùn pé ọwọ́ tútù kan ń di àwọn láṣọ mú. Aṣọ́lé ìlú kan ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí ni àwọn tó jókòó sórí òpó góòlù òun ń wò.

"Àwáwí!" Láṣebíkan ń jó. "Ẹni tí wọ́n nà ló ń rí ìrànù!"

Tíṣà Fadérera fà á lápá. "Láṣebíkan, wo ilẹ̀. Ọ̀gá yín yìí ò ní òjìji."

"Mà, òjìji kì í gbá góòlù wọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jó, tí wọ́n ń yọ̀, títí ọ̀rọ̀ fi wọ ilé Láṣebíkan fúnra ẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kò fẹ́ iyọ̀ nínú ọbẹ̀ mọ́. Bàbá ẹ̀ fi iyọ̀ sí i, ọmọ náà ti abọ́ sẹ́yìn, ó ní ó ń jó òun lẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tí kì í jẹ iyọ̀. Láṣebíkan kò fẹ́ mọ̀. Ó ní ìdáraya ló fà á.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú ọmọ náà jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kó gé irun ẹ̀. Orí ọmọ tutù bí ìdí àmù. Láṣebíkan gbójú sókè wo dígí. Ó rí ara ẹ̀ nínú dígí náà, ó rí abẹ lọ́wọ́ ara ẹ̀, ó sì rí aṣọ funfun tó so mọ́ ọmọ lọ́rùn. Aṣọ náà dúró fúnra ẹ̀ lórí àga, kò sí orí kankan lókè ẹ̀.

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó ń fọwọ́ tọ́ orí ọmọ ẹ̀ wò, tó sì ń wo dígí, tó tún ń tọ́ orí wò. Ó sáré lọ bá Ọ̀gá ní pápá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Níbo gan-an lẹ ti wá?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ ò hàn. "Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ bi mí, obì lẹ gbé fún mi." Ó nawọ́ sí igbó tíìkì. "Àwa náà ní ikọ̀ níbẹ̀. Aṣọ́lé wa ló fi wá sílẹ̀; ó ti padà wá sáyé, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ní ìlú kan. Mo wá wá òmíràn. Ọ̀sán ọ̀la ni eré wa tó kàn, ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún sì ni. Tí àwọn ọmọ yín bá borí, a ó dá wọn dúró. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn náà ti búra, ẹ ò gbọdọ̀ má wá."

"Tí wọn ò bá borí ńkọ́?"

"Kí la fẹ́ fi ọ̀lẹ ṣe? Wọ́n á padà sílé. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ wọn yanjú. Ẹ mú kóòṣì tó bá wù yín wá, wọn ò lè pàdánù mọ́."

Láṣebíkan ò dúró dágbére. Òun àti àwọn alátìlẹ́yìn, tí Tíṣà Fadérera ṣíwájú wọn, sáré tete dé oko Òjélabí. Wọ́n bá a níbi tó ti ń kọ ebè. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, erùpẹ̀ kún ẹnu Láṣebíkan bó ṣe ń ro ẹjọ́.

"Àwọn tó nawọ́ pé kí n lọ nìyí?" Òjélabí bèèrè.

"Àwa náà ni, Bàbá. Ẹ dárí jì wá. Ọmọ mi ń lọ."

Òjélabí fi ọkọ́ lélẹ̀, ó ronú díẹ̀. "Ẹ ń sọ pé ẹ ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù?"

Ojú ti àwọn èèyàn. Tíṣà Fadérera ló fèsì: "Bẹ́ẹ̀ ni, Kóòṣì. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó yín."

"Ó dáa," ni Òjélabí wí. "Ẹ bá mi gbé odó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n wọ igbó tíìkì lọ. Láàárín igbó náà, pápá kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí là sílẹ̀ níwájú wọn. Òòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n kò ta sí ilẹ̀. Àwọn tó wá wòran jókòó yí pápá ká nínú aṣọ àtijọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà ò sì dún.

Ọ̀gá fọn fèrè tí a kì í gbọ́. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti gba ẹ̀kọ́ Ọ̀gá, wọ́n ń sáré bí ẹ̀fúùfù. Kò pẹ́, wọ́n gbá góòlù kan wọlé. Ọ̀fọ̀ ṣẹ àwọn alátìlẹ́yìn. Àwọn tó máa ń jó, wọ́n káwọ́ lérí.

"Rẹ̀mílẹ́kún, jẹ́ kó wọlé!" ni Láṣebíkan ń ké. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fọwọ́ sílẹ̀!" Olórí alátìlẹ́yìn ni o! Ṣùgbọ́n gbogbo bọ́ọ̀lù tó bọ̀ ni ọmọ náà ń mú, ojú ẹ̀ ò ṣẹ́.

Ìgbà tó di ìdajì eré, Òjélabí ṣí ìkòkò. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, iyọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Òjélabí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bu òkèlè sí wọn lẹ́nu bí ìyá. Òkèlè kìíní, wọ́n ṣu ojú jọ. Òkèlè kejì, àwọ̀ padà sí wọn lára. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń du ẹran mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ìdajì kejì, ẹ ò rí nǹkan! Ikùn àwọn ọmọ ti rí róbótó! Wọ́n ń rìn, wọ́n ń gùnfẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn ti jókòó sílẹ̀. Àwọn òkú gbá góòlù kan wọlé, ó di ọ̀mì. Eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù kan bọ̀, ó rọra ń yí bọ̀. Kò sí bí aṣọ́lé ṣe lè tàsé ẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Ohùn obìnrin kan wá láàárín àwọn tó ń wòran, ó ní: "Àrẹ̀mú!"

Láṣebíkan mọ ohùn yẹn. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún nìkan ló máa ń fi oríkì yẹn pe ọmọ náà. Ọmọ yí orí wá ẹni tó pè é, bọ́ọ̀lù sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wọ inú àwọ̀n. Obìnrin náà fi aṣọ bo ojú, ó ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé. Láṣebíkan sunkún, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá wò wọ́n, ó pòṣé. "Ẹ kó wọn lọ. Irú ikọ̀ wo lèyí?" Ó ju obì wọn padà sí wọn.

Bí wọ́n ṣe ń sá jáde nínú igbó, wọ́n gbọ́ ariwo lẹ́yìn wọn. Àwọn òkú ń jiyàn. Àwọn kan ní Ọ̀gá ti dójú ti àwọn, kó máa lọ. Àwọn kan ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún un.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, tí Òjélabí ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì tún na Òkè-Àparò. Láṣebíkan jó dé ìdí òpó góòlù, ó dì mọ́ ọmọ ẹ̀. Àlejò kan tó wá wòran, tí kò mọ nǹkan kan, ní: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ló dé tí ẹ ò lé kóòṣì yín? Mo mọ ẹnì kan tó dáa jù ú lọ."

Gbogbo pápá yíjú sí i. Tíṣà Fadérera ń wo ilẹ̀ bóyá àlejò náà ní òjìji. Láṣebíkan sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án lápá wò bóyá ó tutù.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó dárúkọ onítọ̀hún," ó wí, "ká tó lé ẹni tí a mọ̀, ká bi ẹni tó ń bọ̀ léèrè ibi tó ti wá. Ẹ̀yin gan-an, ẹ dákun, ṣé ẹ máa ń jẹ iyọ̀?"