Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Sájẹ́ǹtì Tì Mọ́lé

Ẹ rọra jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tó ń jẹun gbé òkèlè tó wà lẹ́nu mì ná, kí ẹ̀rín má baà gbé e há a lọ́fun. Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, abẹ̀bẹ̀ ni Baálẹ̀ fi bojú kó tó lè dá a.

Aránṣọ ló pẹjọ́. Ọkọ rẹ̀ ló pè: Sájẹ́ǹtì, ọlọ́pàá tí kò mọ ibi tí àgọ́ parí sí tí ilé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, lórí ẹní, ni ẹ̀rọ ìránṣọ wà nínú àpótí onípákó rẹ̀, tòun ti àgádágodo lára. Wọ́n tún fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ àpótí náà, àfi bí ẹni pé ó lè sá.

Aránṣọ ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni ilé ìwé ń wọlé. Aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti gé e tán, kò tíì rán an. Ọ̀gá ilé ìwé sì ti sọ ọ́ kó dá a lójú: bí aṣọ ò bá pé, aránṣọ mìíràn ló ni iṣẹ́ náà títí láé.

"Bàbá," ni Aránṣọ wí, "ọkọ mi mú ẹ̀rọ mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní kó dúró síbi tó wà, kó má mira. Ẹ̀rọ tí ò lẹ́sẹ̀."

"Ṣé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, ẹnu ọ̀nà ló ti tú báàgì wọn wò yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Ẹran dín nínú ìkòkò, ó tò wá sí ìdí ògiri, ó ní ká máa yanu lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ta ló wá jẹ ẹran?"

"Òun ni."

Ọ̀tún, ìjòyè tó jókòó ti Baálẹ̀, wúkọ́. Baálẹ̀ kọjú sí Sájẹ́ǹtì. Ìyẹn nà ró gbọnrangandan, ó kan sálúùtù. Ṣòkòtò àbúrò rẹ̀ ló wọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta bíi ti ẹni tó fẹ́ sọdá odò.

"Kí lo rí sọ?"

"Òfin ni òfin, Bàbá. Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo sùn, ẹ̀rọ yìí ń pariwo. Mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ẹni tó bá da àlàáfíà ìlú rú, àhámọ́ ló kàn."

"Ìlú wo?"

"Ibi tí ọlọ́pàá bá sùn sí, ìlú ni, Bàbá."

"Ìyàwó rẹ ló ń yí i. Kí ló dé tí o ò mú ìyàwó?"

"Ta ni ì bá wá se oúnjẹ?"

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn kùn hùn-ùn. Sájẹ́ǹtì ò bìkítà.

"Èmi náà ní ẹ̀sùn," ló wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni ṣòkòtò iṣẹ́ mi ti dàwátì, ẹrù ìjọba sì ni. Ọ̀gá wa ní bí n ò bá wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ Ajé, kí n jókòó sílé. Ìyàwó mi ni mo fura sí. Ẹnikẹ́ni tí a bá ká ẹrù ìjọba mọ́ lọ́wọ́, olè ni, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá mi."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, Bàbá."

"Ọ̀tún, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn."

Ọ̀rọ̀ dé Aránṣọ lẹ́nu, ó gbé e mì. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò tó sì ń kọrin, kí èèyàn má já orin mọ́ ọn lẹ́nu.

Wọ́n pe ìyá Sájẹ́ǹtì, tó ń bá wọn gbé.

"Ariwo ẹ̀rọ yẹn ò jẹ́ kí n fojú ba oorun," ni Ìyá wí.

"Kí lẹ gbọ́ nígbà tí ọmọ yín ń bá a wí?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti sùn fọnfọn."

"Ìyá, ẹ sùn àbí ẹ ò sùn?"

"Mo sùn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi."

"Ariwo wo lẹ wá gbọ́ lójú oorun?"

Ìyá wo ọmọ, ó wo ìyàwó tó ń gbé omi gbígbóná fún un láràárọ̀. "Kí n má parọ́ dàgbà," ló wí. "Ọmọ mi ló ń hanrun. Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe máa ń hanrun nìyẹn."

"Ìyá mi, ẹlẹ́rìí mi ni yín o."

"Mo bí ọ kí n tó di ẹlẹ́rìí."

Ó wá ku kọ́ńsítébù tó ń ṣọ́ àwọn ẹrù ẹjọ́ ní àgọ́, ọkùnrin kan tó ti hewú, òun ló ru ẹ̀rọ náà wá sí ààfin.

"Ọ̀gá mi ní kí n bi ẹ̀rọ bóyá ó ní nǹkan í sọ," ló wí. "Mo bi í, kò fèsì. Ọ̀gá ní agídí ni, kí n má fún un lómi."

"Ṣé o ṣí àpótí náà?"

"Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́rùn ọ̀gá mi rí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ahọ́n rẹ̀ ni. N ò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ rí."

"Sájẹ́ǹtì, ṣí i."

Ó ṣí i. Ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ tó ya, wọ́n ti rán an dé ìdajì.

Ìgbà yìí ni Baálẹ̀ gbé abẹ̀bẹ̀ bojú.

"Aránṣọ, ṣé o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Òun ni mò ń rán tó ní ariwo pọ̀. Bó ṣe gbé ẹ̀rọ, tòun ti ṣòkòtò ló gbé."

"O ò sì sọ fún un?"

"Ó ní mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, pé gbogbo ohun tí mo bá sọ lòun máa fi mú mi. Mo bá dákẹ́."

"Ọ̀tún," ni Baálẹ̀ wí lábẹ́ abẹ̀bẹ̀, "kí ni òfin wí?"

"Ẹnikẹ́ni tí a bá ká ẹrù ìjọba mọ́ lọ́wọ́, olè ni."

"Lọ́wọ́ ta la ti ká a?"

"Abẹ́ àgádágodo Sájẹ́ǹtì ni, Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀."

Sájẹ́ǹtì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣòkòtò àbúrò rẹ̀ náà bá ya nídìí, fàà.

"A ò ní fi ọmọ wa sẹ́wọ̀n nítorí ṣòkòtò," ni Baálẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ni yóò ṣe onídùúró rẹ. Gbé e rù, gba àárín ọjà lọ sílé. Ìwọ ni wàá máa yí i títí aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé yóò fi tán. Bó bá pariwo, ìwọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Láti òní, ẹnu ọ̀nà ni fìlà ọlọ́pàá yóò máa sùn. Ọjọ́ tó bá wọlé, kí ìyá rẹ fà ọ́ létí wá síbí."

"Bàbá, ṣòkòtò mi ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn aṣọ ọmọ tó kéré jù ló kàn án."

"Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, Bàbá."

"Yáa tètè máa yí i."

Nírọ̀lẹ́ àná, àwọn tó kọjá lójúde wọn gbúròó ẹ̀rọ tó ń sáré kíkankíkan. Sájẹ́ǹtì ró ìró ìyàwó rẹ̀, ó ń yí, ó ń làágùn. Ó ní ṣé òun lè sinmi díẹ̀. Aránṣọ ò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́.

"Òfin ni òfin, bàálé mi," ló wí.

Kọ́ńsítébù ló sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yìí, abẹ ń bẹ lórí mi, n ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí abẹ ò sí lórí yín, ẹ bá mi rín in.