Ẹni Tó Gbé Ìbídùn Kọ́ Sórí Okùn

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Ọlọ́sàn ti Òkè-Ọsàn lánàá, ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan ló gbé e débẹ̀, ìyá náà sì ti kọjá ẹnu ọ̀nà tán kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó rántí pé iṣẹ́ àwọn ni láti dá a dúró. Ẹ̀yínadé lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló ń pe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ní iye yẹn náà ló ń pè láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Inú ń bí i débi pé bí wọ́n bá gbé ìkòkò ẹ̀wà lé e lórí, ẹ̀wà á jinná kí wọ́n tó bu iyọ̀ sí i. Omi gbígbóná Ìkógòsì ì bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó wá fi sùn ni Bánkọ́lé òǹkọ̀wé, tó tẹ̀lé e wọlé pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè wá gba oyè.

Kábíyèsí ní kí Màmá jókòó, kí ó mí, kí ó wá wí ẹjọ́ rẹ̀. Màmá jókòó. Kò mí.

"Kábíyèsí, ọmọ yìí gbé ọmọbìnrin kan kọ́ sórí okùn láti ọdún méjì, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ara gbogbo ìgbìmọ̀ bù máṣọ. Olóyè Ọ̀dọ̀fin, tó ti ń tòògbé, lajú, ó ní kí ẹnìkan sáré lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Kábíyèsí bèèrè ibi tí ọmọ náà wà.

"Ó wà nínú ìwé kẹrin," ni Màmá wí. "Ojú ewé tó kẹ́yìn."

Ọ̀dọ̀fin tún dijú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Bánkọ́lé ti kọ ìwé mẹ́rin fún àwọn ọ̀dọ́, ó pè wọ́n ní Ọmọ Òkè Méje. Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ń gun òkè méje lọ gba ohùn àbúrò rẹ̀ padà lọ́wọ́ Ọba Ọ̀dájú, ẹni tó jí ohùn náà tó dé e mọ́ inú akèrègbè. Ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n àgbà ló ń jà sí i láti Ìpòtì dé Ìdó-Ilé. Ojú Màmá kò ríran sí lẹ́tà mọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ Dorcas aránṣọ ló ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Dorcas máa ń gbé ẹ̀rọ tì, táá máa kà á sókè fún àwọn tó wá wọn aṣọ, Màmá ló sì máa ń kọ́kọ́ dé orí bẹ́ǹṣì. Ìwé kẹrin wá parí síbi tí Ìbídùn ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo dìrọ̀ mọ́ okùn lórí ọ̀gbun kan tó jìn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí òkúta tó bá já sínú rẹ̀ á ti hu irùngbọ̀n kó tó dé ìsàlẹ̀. Ọ̀dájú yọ ọ̀bẹ. Bánkọ́lé kọ ọ́ pé, "Ọ̀bẹ sì kan okùn." Ó fi àmì ìdánudúró sí i, ó lọ sùn.

Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní ọdún méjì ni òun fi dúró.

"Nígbà tó wá di oṣù tó kọjá, a gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìwé karùn-ún ti dé. Kábíyèsí, kí ni ẹ bá rò? Mo ní ọmọ ti bọ́. Mi ò tilẹ̀ dúró kí wọ́n ṣí i. Mo gúnyán, gbogbo ulé jẹ ẹ́. Ní Sunday mo gbé uṣu mẹ́fà lọ fún ìdúpẹ́. Àlùfáà bi mí léèrè ohun tí Olúwa ṣe, mo ní ó yọ ọmọ kan nínú ọ̀gbun. Ìjọ jó. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin jó dé ìta. Ní Tuesday ni Dorcas ṣí ìwé."

"Kí ni ẹ bá níbẹ̀?"

"Ìkómọjáde, Kábíyèsí. Ìkómọjáde Ọ̀dájú."

Bánkọ́lé ti gba ẹ̀yìn lọ. Ìwé karùn-ún kò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìkẹrin parí sí, ó padà sí ogójì ọdún ṣáájú ìkìíní, nígbà tí Ọ̀dájú ṣì ń mu ọmú. Ojú ewé tó lé ní igba, Ìbídùn kò sí nínú ẹyọ kan. Wọn kò tíì bí ìyá tí yóò bí i.

"Mo ti dúpẹ́ ohun tí Ọlọ́run kò tíì ṣe," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ṣé wọ́n ṣì lè pè mí ní àgbà, Kábíyèsí? Bí mo bá kú lọ́la, tí wọ́n bi mí lọ́hùn-ún pé ọmọ wo ló bọ́, kí ni kí n wí? Mo fẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ lójú mi. Ìyẹn nìkan ni mo wá bẹ̀."

Àwọn tó ti ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Kábíyèsí kọjú sí Bánkọ́lé. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ láti ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ní ìwé àtẹ̀yìnwá ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, pé ìwé ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò, bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni. "Àgbà òǹkọ̀wé ni mí, Kábíyèsí. Ẹ̀yìn ni mo ń wò."

"O gbà pé o ṣubú nìyẹn," ni Kábíyèsí wí.

Bánkọ́lé gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Ó ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, Ìbídùn kò jìyà kankan. Bí wọ́n bá ti pa ìwé dé, àkókò inú rẹ̀ á dúró. Èémí ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ náà ti lò lórí okùn, àwọn òǹkàwé ló ń ka ọdún sí i lọ́rùn.

"Tèmi tí mo rà sílé wà ní ṣíṣí," ni Màmá dáhùn. "Mi ò pa á dé láti ọjọ́ náà. Ìrọ̀rí wà lábẹ́ rẹ̀, bí ó bá jábọ́."

Níbi tí wọ́n dé yìí ni Ọ̀dọ̀fin, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ pé kò ka nǹkan kan ju orúkọ rẹ̀ lára ilé, wú ikọ́ kékeré kan.

"Ìwé kìíní, ojú ewé kẹsàn-án," ni ó wí. "Wọ́n ní ojú kan ṣoṣo ni wọ́n bí mọ́ Ọ̀dájú. Nínú ìwé karùn-ún, ojú méjì ló fi ń wo ìyá rẹ̀. Níbo ló ti rí ìkejì?"

Gbogbo wọn yíjú sí Ọ̀dọ̀fin. Ó ń wo àjà.

Bánkọ́lé fi ahọ́n tọ́ ètè lá. "Olóyè, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ojú kan yẹn nínú ìwé kìíní, irọ́ ló pa."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ Ọ̀dájú dáadáa nígbà yẹn."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Dorcas ni ti Màmá. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ní òótọ́ ni, Ìbídùn kò sí níbẹ̀, òun wá a dé ara èèpo ìwé. Ó wá dé ibi tí Ọ̀dájú, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti jókòó láàárín ewúrẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí wọ́n ní ojú rẹ̀ kò dára fún àlejò, ni omi bá lé ròrò lójú Dorcas. Ó ní ẹkún tí òun sun níbẹ̀ pọ̀ débi pé òun gé apá aṣọ oníbàárà kan kúrú, òun sì gé ìkejì kúrú sí i kí wọ́n lè dọ́gba, títí aṣọ náà fi di síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti ka ìwé náà. Òun kò mọ̀ pé Bánkọ́lé ní irú rẹ̀ nínú.

"Dorcas," ni Màmá wí, "ẹlẹ́rìí ta ni ọ́?"

"Tiyín ni mo jẹ́ nígbà tí mò ń bọ̀, Màmá."

Inú Bánkọ́lé dùn, ó yára pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Abdulwasiu ni, ọmọ Ìkìrun tó ń wa mọ́tò láti Ìjerò sí Aramọkọ, tó sì máa ń fi ìwé lé orí sítíárì níbi tí ojú ọ̀nà bá ti bàjẹ́. Ó ní ìwé karùn-ún dùn ju oyin lọ. Kábíyèsí bi í bóyá ó ka mẹ́rin tó kù.

"Mo kà wọ́n, Kábíyèsí. Àmọ́ ìkarùn-ún ni mo kọ́kọ́ kà. Bánkọ́lé ló ní ìyẹn ló ṣáájú nínú ìtàn."

"Báwo wá ni ìyókù ṣe rí?"

"Wọ́n dùn mí. Ọmọ tó jìyà tó báyìí, ó ṣe kìtàkìtà ó di ọba, kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ìyàwó, ó kàn mú ohùn ẹyọ kan péré kó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ni ọmọbìnrin aláìgbọràn kan bá gun òkè méje wá dà á láàmú nínú ilé rẹ̀."

"Ìbídùn yẹn, tó wà lórí okùn?"

"Kí wọ́n gé e, Kábíyèsí. Kí Ọ̀dájú lè sinmi."

Ọ̀pá Màmá ti gbéra kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló dì í mú, ẹ̀kẹta sì dì wọ́n mú. Bánkọ́lé fi ìwé bojú, nítorí òun gan-an alára kò gbèrò pé ẹnì kan á ka iṣẹ́ òun kí ó wá gbè sẹ́yìn ọ̀bẹ.

Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè.

"Bánkọ́lé. Báwo ni ọmọ náà yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀?"

"Ó ń bọ̀ nínú ìwé kẹfà, Kábíyèsí."

"Mi ò bi ọ́ ní ìwé. Ọ̀nà ni mo bi ọ́."

Bánkọ́lé wo Dorcas, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, mi ò mọ̀."

Ó wá jẹ́wọ́. Ó ní òun ló di ọmọ náà mọ́ okùn, òun dì í dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ. Òkè jẹ́ àpáta, ìsàlẹ̀ jẹ́ ọ̀gbun. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó lè fà á sókè, òun ti pa á nínú ìwé kẹta nítorí ó ń sọ̀rọ̀ jù. Odidi ọdún kan lòun fi jókòó sídìí tábìlì láràárọ̀, tí òun ń wo ọwọ́ ọmọ náà. "Iwájú dí, Kábíyèsí. Ni mo bá gba ẹ̀yìn."

Ìbínú Màmá tú ká bí èéfín, ẹ̀rù sì wọlé dípò rẹ̀. Láti ọdún méjì ló ti gbà pé Bánkọ́lé mọ̀ ọ́n, pé ó kàn ń fi pamọ́ bí ìyá tó ń fi ẹran pamọ́ fún ọmọ ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹnì kankan lábẹ́ ọ̀run tó mọ bí ọmọ náà yóò ṣe bọ́, òun sì ti jó nítorí rẹ̀ níwájú pẹpẹ.

Ọ̀dọ̀fin ní kí wọ́n gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Olóyè mìíràn ní kí wọ́n gbé e fún Abdulwasiu. Kábíyèsí ní kí wọ́n dákẹ́, ó wá dájọ́.

Ó ní ìwé karùn-ún kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún Ọ̀dájú, kí ó máa sun ún, ṣùgbọ́n Dorcas gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Abdulwasiu yóò tún ìwé kà láti ìkìíní dé ìkẹrin létòlétò, sókè, níwájú Màmá, títí yóò fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìbídùn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀. Ọpẹ́ tí Màmá ti dú, kò bàjẹ́. Ọlọ́run ti gbà á, ó kù kí ẹni tó jẹ gbèsè iṣẹ́ náà lọ ṣe é.

"Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ààfin," ni ó fi parí rẹ̀. "Ẹ fún Bánkọ́lé ní igbà akọ̀pẹ, kí ó gùn ún. Bírò lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì lára igbà. Kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfi tí Ìbídùn bá ti sọ̀. Màmá nìkan ló lè sọ pé ó tó."

Bánkọ́lé sunkún pé òun kì í ṣe akọ̀pẹ.

"Ìbídùn náà kì í ṣe akọ̀pẹ," ni Kábíyèsí wí, ó sì dìde.

Wọ́n fi igbà kọ́ ọ, wọ́n sì so pépà mọ́ ara ọ̀pẹ níwájú rẹ̀. Ọ̀pẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òrùlé lọ, ṣùgbọ́n Bánkọ́lé ń ké bí ẹni tó ń rí Ìlọrin lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n gbé àga sábẹ́ rẹ̀ fún Màmá. Kò pẹ́ tó fi pariwo láti òkè pé òun ti rí i, àlá ni, Ìbídùn á jí. Màmá ní kí ó dúró síbẹ̀. Ó tún ní ẹyẹ ńlá kan á gbé e. Màmá bi í pé ẹyẹ wo, nígbà tó jẹ́ pé Ọ̀dájú ti jẹ gbogbo ẹyẹ tán nínú ìwé kejì. Ó ní ó dáa, Ọ̀dájú á ronú pìwà dà. Dorcas pàtẹ́wọ́. Màmá rò ó díẹ̀, ó mi orí. "Ọ̀bẹ ti kan okùn. Kò sí àyè ìwàásù níbẹ̀."

Oòrùn yí. Tanpẹ́pẹ́ rí ẹsẹ̀ Bánkọ́lé, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ìdílé wọn.

"Màmá," ni ohùn kan wí láti òkè, kò sì sí ìyangàn kankan nínú rẹ̀ mọ́. "Ọwọ́ ń dùn mí."

"Ọwọ́ tirẹ̀ náà ń dùn ún," ni Màmá dáhùn. "Ìka wo ló kọ́kọ́ kú?"

Bánkọ́lé wo ọwọ́ rẹ̀ lára igbà. "Ìka kékeré."

"Kọ ọ́."

Nígbà tó ṣe, Màmá gbọ́ ìró bírò lórí pépà, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí eku tó rí ẹ̀pà. Kò dúró, kò sì padà sẹ́yìn. Màmá na ọwọ́, ó fi dí Dorcas lẹ́nu kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ó sì gbé etí sókè.