Bí Mo Ṣe Pín Kápúsù Bí Ẹni Pín Ẹja

Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ kan kọ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń rẹ̀ mí tí mo bá rántí rẹ̀. Tísà bàọ́lọ́jì ni mí nígbà náà ní Ugbonla, ìlú ẹlẹ́ja orí omi, èmi ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìjà orí omi láàrin àwọn ará ibẹ̀ àti aládùúgbò wọn gbóná, a sá wá sí Igbokoda. Ibi tí mo ti ń fò sínú ọkọ̀ ni ìṣó ti fa ẹsẹ̀ mi ya. Kíláàsì iléèwé kan ni wọ́n kó wa sí, gbogbo wa tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa níbẹ̀ fún mi ní kápúsù apakòkòrò ọlọ́jọ́ méje. Ó ní, "Tísà, ẹ lò ó tán o." Èmi tí mo ń fi kòkòrò àìfojúrí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, egbò ti ń gbẹ, ni mo bá dáwọ́ dúró.

Ní Ugbonla, bí ọkọ̀ ẹja bá gúnlẹ̀, ẹni tó bá wà ní èbúté kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Àìmọye ìgbà ni ìyá onílé mi, tí a jọ sá wá, ti fún mi lẹ́ja bẹ́ẹ̀. Ojú wá ń tì mí láti dá nǹkan ní. Mo pín kápúsù tó kù: méjì fún ẹni tó ń wúkọ́, méjì fún eléèwo, ìyá onílé tú tirẹ̀ sórí ìka tó gé. Wọ́n ń súre, orí mi ń wú.

Kò pẹ́ tí egbò náà tún fi sọjí. Ó wú, ó ń rùn, àwọn tá a jọ tẹ́ ẹní sì ń fa ẹní wọn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an pé wọ́n á gé ẹsẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá mo lo oògùn tán.

Mo ní, "Mo lò ó tán pátápátá."

"Irọ́ o!" Ìyá onílé ló pariwo. "Tísà wa kì í ṣe ahun! Gbogbo wa ló pín in fún."

Ó rò pé òun ń gbè mí lẹ́yìn ni.

Nọ́ọ̀sì ò bínú, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Ó ní kí n dìde, kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ilé. Mo fi ẹsẹ̀ kan dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Mo ní bí oògùn ò bá pé, kòkòrò tó le jù ni kì í kú, ohun tó mú un yè ni àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jogún. Kò tán síbẹ̀. Ó lè fara kan kòkòrò mìíràn tí kò bá a tan rárá, kó sì fún un ní ẹ̀dà ogún náà.

"Láìjẹ́ ọmọ ìyá?" ni ìyá onílé béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Wọn ò jà sí i?"

"Wọn ò jà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọma mi, kí ló wá dé tí àwa ń pa ara wa lórí omi?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi gba abẹ́rẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó yè. Láti ìgbà náà, oògùn tí wọ́n bá kọ fún mi, èmi nìkan ni mo ń lò ó, mo sì ń lò ó tán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yẹn, ẹ̀rín ni mo máa ń fi bò ó. Mo pera mi ní tísà, mi ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀.