Iṣẹ́ Yìí Kì Í Ṣe Títà

“Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹnu ẹni la fi ń kọ ‘mi ò jẹ’?”

“A mọ̀ ọ́n. Ẹni tébi ń pa tó ń ṣakọ ló dá a sílẹ̀.”

“Rárá o. Èmi ni.”

“Ìwọ Ládépò? Òwe tí bàbá bàbá mi ń pa!”

“Wọ́n pa á sílẹ̀ dè mí ni.”

Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára pákó, kí n fi tàdáwà kùn ún, kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àárín pálọ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi wà. Fadérera ìyàwó mi wá fún mi ní gbèdéke: “Bí ẹyọ kan ò bá kúrò nílé yìí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀rọ yẹn á bọ́ síta, ẹ̀rọ ìránṣọ mi á wọlé.”

Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń kọ sára ilé káàkiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Èmi náà gbẹ́ tèmi: IṢẸ́ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Mo tẹ mẹ́wàá, mo so wọ́n kọ́ sí pálọ̀, mo pe èèyàn fún Sátidé náà. Èrò mi ni pé ẹni tó bá kà á yóò bá mi jiyàn, yóò sì torí iyàn rà á. Iyàn yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà.

Ọ̀gá ilé ìwé kan ló kọ́kọ́ dé. Ó kà á. “Ẹ kú iṣẹ́. A ò ní yọ yín lẹ́nu.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Gbáyọ̀ ló dé tẹ̀ lé e, nínú léèsì funfun. Ó ń wá ohun tí yóò gbé kọ́ sílé tuntun rẹ̀.

“Èyí wù mí o. Ṣé lóòótọ́ ni pé kì í ṣe títà?”

Ǹ bá kàn sọ pé títà ni! Àmọ́ mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Mo fa irùngbọ̀n. “Bí ẹ ṣe kà á gan-an ni, Mà.”

“Ó dáa. Àwa náà kọ ọ́ sílé bàbá wa. Ẹni tó wá ná an, eré ló sá kúrò.”

Fadérera wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó jẹ iṣu. Ó sáré lọ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún Mà. Èmi náà sáré gbẹ́ TÍTÀ NI. Òdì la máa ń gbẹ́ lẹ́tà kó lè tọ́ lórí bébà, ṣùgbọ́n ìkánjú ò jẹ́ kí n rántí. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, òdì ló jáde. Ìtìjú mú mi, mo fi bébà tútù náà kọ́ ibi ìfẹ̀yìntì àga kan.

Àga yẹn ni Mà jókòó sí, ojú rẹ̀ ṣì ń wo ògiri. Ó sì fẹ̀yìn tì í dáadáa.

Nígbà tó dìde, lẹ́tà ti tọ́. Ara léèsì ló tọ́ sí: TÍTÀ NI, gàdàgbà-gadagba. Ọkọ rẹ̀ tó wá mú un lẹ́nu ọ̀nà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìwọ! Bébà lásán, o ò tà á. Ìyàwó mi lo wá fẹ́ tà?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Fadérera ò tilẹ̀ bá mi bẹ̀bẹ̀. Ó ti ń ti ẹ̀rọ mi síta.

“Ẹyọ kan ṣáà kúrò nílé,” mo ní, mo ń nàka sí ẹ̀yìn Mà.

 Mọ́tò wọn ti ń lọ nígbà tí Mà yọrí lójú fèrèsé rẹ̀:

“Mẹ́ta ni mo fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Ẹnu ẹni la fi ń kọ ‘mi ò jẹ’!”