Nọ́sù Tí Bádrù Ń Fẹ́

Lọ́dún 1986, Àlájà Sàrátù, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní Fẹ́sítákì, ti ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó gba Alákijà lọ. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí Bádrù, ọkùnrin tó ní òun fẹ́ fi Làtífátù ṣe aya. Làtífátù yìí nìkan ni Àlájà bí, ó sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Bádrù kò rí Àlájà rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi atẹ́gùn ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn lu géètì tó ti dógùn-ún, títí irin rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹnu rọ́bà ni iyanrìn náà ń gbà jáde, láti inú irin kékeré kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní nọ́sù.

Bí Bádrù ti rí àlejò, ó pa ẹ̀rọ, ó tú aṣọ tó fi di etí. Ariwo ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn nínú etí rẹ̀.

“Ẹ káàsán, màmá. Ẹ má bínú, iyanrìn ló bò mí báyìí.”

“Kò séwu. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo bá wá.”

Ojú Bádrù tàn. Àmúsà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹgun-Ẹ̀gbá ti sọ fún un pé ẹnì kan ń bọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀ nọ́sù.

“Ibi tó yẹ gan-an lẹ wá. Ní gbogbo Alákijà yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò bíi tèmi.”

Àlájà fa ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn. “Báwo lo ṣe ń lò ó?”

“Àwọn yòókù ò ní sùúrù. Wọ́n á gbá a mú, wọ́n á máa fẹ́ ẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Tèmi, tó bá ti gbóná, mo máa ń jẹ́ kó sinmi.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àlájà lára. Ọkọ tó ń jẹ́ kí ìyàwó sinmi kò pọ̀ nílùú.

“Ìyẹn dáa. Nọ́ọ̀sì nílò ìsinmi.”

“Ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, màmá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mẹ́ta.”

Àlájà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó sórí táyà kan. “Mẹ́ta. Tiwa á wá ṣe ìkẹrin?”

“Tí ẹ bá ní ọ̀kan nílé, mo máa gbà á lọ́wọ́ yín.”

“Àwọn mẹ́ta yìí, ṣé wọ́n mọra wọn?”

“Inú agolo mílíìkì kan náà ni gbogbo wọn ń gbé.”

Lójoojúmọ́ ni Àlájà ń ta mílíìkì, ó mọ bí agolo rẹ̀ ti kéré tó. Ó rò ó, ó ní bóyá bí àwọn ará Alákijà ṣe ń pe yàrá kan nìyẹn.

“Kí lo fi ń bọ́ wọn?”

“Iyanrìn.”

“Kí ni wọ́n fi ń jẹ iyanrìn ọ̀hún?”

“Atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń sẹ́ iyanrìn náà, mo máa ń sá a kó gbẹ dáadáa. Lánàá mo fún èyí àgbà ní èyí tó ṣì tutù, ló bá há a lọ́fun. Ló bá ń wúkọ́.”

“Ṣé o gbé e lọ sílé ìwòsàn?”

Etí tó ń kùn kò jẹ́ kí Bádrù gbọ́ ju ìdajì lọ. “Rárá o. Mo ti wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, mo fi òòlù kàn án lórí.”

Àlájà fi ọwọ́ méjèèjì di táyà mú. Làtífátù ló ń rí lójú.

“Ó yè?”

“Ó yè. Àmọ́ ó ti fẹ̀. Bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ ló ń fẹ̀.”

“Èmi náà fẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ mi,” ni Àlájà wí lóhùn ìsàlẹ̀.

“Tó bá sì ti fẹ̀, agbára ò sí mọ́, iyanrìn á kàn máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń jù ú sí, kí n wá tuntun.”

Àlájà dìde. Ó ké mọ́ Bádrù.

“Èmi ni ìyá Làtífátù. Padà lẹ́yìn ọmọ mi. Kò ní í jẹ iyanrìn, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni gbé inú agolo.”

Èyí ni Bádrù gbọ́ yékéyéké. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, ó wà níbẹ̀ tó ń ro gbogbo ohun tó ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rákò lọ síbi agolo, ó da irin kéékèèké mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́ Àlájà.

“Màmá, àwọn nọ́sù mi rèé. Irin ni wọ́n. Làtífátù nìkan ni nọ́ọ̀sì tí mo mọ̀.”

Àlájà gbé èyí tó fẹ̀ jù sójú, ó yọjú wo Bádrù láti inú ihò rẹ̀. Ọkùnrin náà ń làágùn, iyanrìn kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rín gbé Àlájà jókòó padà sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

“Kó àwọn èèyàn rẹ wá lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ṣé ẹ ti gbà kí n fẹ́ ẹ, màmá?”

“Fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ̀, kó jẹ́ pé oyún ló fà á.”